Èsì: Àwọn olówùú ní Sacré-Cœur

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní báwo lẹ ṣe máa yẹra fáwọn tó ń so òwú mọ́ni lọ́wọ́ ní Paris. Ẹ ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kí ẹ tó dé ìdí àtẹ̀gùn Sacré-Cœur, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá orí òkè ibẹ̀. Ìka yín ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá ti yí òwú aláwọ̀ mèremère mọ́ ọn, owó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Bí wọ́n bá ti so ó ná, ẹ má yọ pọ́ọ̀sì síta o. Ẹ sọ "non" (rárá) kíkankíkan, kí ẹ máa rìn lọ.

Nínú métro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wọn, ńkọ́? Ẹ má dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá fẹ́ padé ni àwọn olè ń já a gbà, wọ́n á sì bẹ́ sílẹ̀. Bí tèmi ṣe lọ ní ibùdókọ̀ Châtelet nìyẹn, àdírẹ́sì hòtẹ́ẹ̀lì sì wà nínú ẹ̀!