Èsì: Kontakt ń pẹ́ kó tó ṣí, RAM sì ń kún

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àkójọ ohùn yín tó 900 GB, tí ẹ ń lò nínú Kontakt (ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ kọ orin), wà lórí háàdì díìsìkì, ohùn ń já bí ẹ bá ń tẹ kíbọọ̀dù orin, RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) 16 GB sì ń kún.

Háàdì yẹn gan-an ló ń dá yín dúró. Orí rẹ̀ ní láti sáré kiri wá ọ̀pọ̀ fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà, apá rẹ̀ kò sì ká a. Ẹ ra SSD (díìsìkì tí kò ní orí tó ń sáré kiri) 2 TB, kí ẹ kó ohùn nìkan sí i. Tó bá jẹ́ ti ìta, ojú USB 3 ni kí ẹ kì í bọ̀.

Kí ẹ tó kó ohunkóhun, ẹ ṣí Disk Management nínú Windows, ẹ fún SSD náà ní lẹ́tà tirẹ̀ tí kò ní yí padà, bíi S. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: lónìí lẹ́tà rẹ̀ á jẹ́ D, lọ́la á di F, Kontakt á ní òun ò rí sample (àwọn fáìlì ohùn náà) mọ́. Bí ẹ bá kó o tán, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíì, kí ẹ wá ṣe Batch re-save (àṣẹ inú Kontakt tó ń tún àwọn fáìlì náà fi pamọ́ lápapọ̀), kó lè mọ ojú ọ̀nà tuntun.

Ní ti RAM, preload buffer (ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan tí Kontakt máa ń kó sínú RAM ṣáájú) 60 KB ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Lórí SSD, ẹ fà á wálẹ̀ sí 12 KB. Bí ohùn bá ń ta pápá, ẹ gbé e sí 24. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Purge all samples, tó ń kó gbogbo ohùn kúrò nínú RAM, kí ẹ jẹ́ kí orin náà lọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kìkì ohùn tí orin náà lò ló máa padà wọ RAM. Ó lè fo ohùn díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ẹ tún un gbé sí i lẹ́ẹ̀kejì, á dúró.