Àfikún àkókò NFL: aago ni ìṣòro tó kù

Ẹni tó béèrè bóyá kí NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ga jù, pa òfin àfikún àkókò rẹ̀ tì, kó lọ mú ti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà lò: rárá ni èsì mi. Òfin tó wà nílẹ̀ báyìí dára ju gbogbo èyí tó ti wà ṣáájú lọ. Aago tí wọ́n ń lò fún eré inú sáà nìkan ló ṣì ń ba á jẹ́.

Ní 1974 ni wọ́n fi àfikún ìṣẹ́jú 15 sí eré inú sáà. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ rí ayò kankan ló borí, eré parí níbẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ burú nígbà yẹn, torí field goal (gbígbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó, ayò 3) láti ọ̀nà jíjìn kì í wọlé tó báyìí. Àmọ́ ní 1994, wọ́n sún gbígbá ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn láti yáàdì 35 sí 30. Ẹgbẹ́ tó ń gba bọ́ọ̀lù wá ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń gbá field goal túbọ̀ ń já fáfá sí i. Owó ẹyọ tí rẹfirí ń jù sókè ló wá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dá ẹjọ́.

Ní oṣù kìíní 2010, nínú eré tó yan ẹni tó máa lọ sí Super Bowl, eré àṣekágbá líìgì náà, Saints ló kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù. Garrett Hartley gbá field goal láti yáàdì 40, ó di 31 sí 28, Brett Favre tó jẹ́ quarterback (ẹni tó ń darí ìkọlù, tó ń ju bọ́ọ̀lù) Vikings kò sì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú àfikún náà. Ọdún yẹn ni wọ́n yí òfin playoff (eré ìyọkúrò lẹ́yìn sáà) padà: field goal àkọ́kọ́ kò lè parí eré mọ́, ṣùgbọ́n touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù dé ìpẹ̀kun pápá ọ̀tá, ayò 6) ṣì lè parí rẹ̀. Ní 2012 ó kan eré inú sáà náà. Àbọ̀ àtúnṣe nìyẹn. Ní oṣù kìíní 2019, Patriots gba bọ́ọ̀lù, wọ́n gba touchdown, 37 sí 31, Patrick Mahomes ti Chiefs dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Chiefs ṣe ohun kan náà fún Josh Allen àti Bills, 42 sí 36. Ní oṣù kẹta 2022, àwọn tó ni ẹgbẹ́ dìbò, 29 sí 3: ní playoff, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì, kódà bí ẹni àkọ́kọ́ bá gba touchdown. Ní 2025 wọ́n mú un wọ inú sáà. Safety nìkan ni kò sí lábẹ́ ẹ̀: bí àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ bá mú ẹni àkọ́kọ́ balẹ̀ ní ìpẹ̀kun pápá tirẹ̀, eré parí lójú ẹsẹ̀.

Ibi tó ti wá wọ́ nìyí. Láti 2017, ìṣẹ́jú 10 ni àfikún inú sáà, timeout (dídá aago dúró) méjì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tó mọ bí a ṣe ń sáré pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lè jẹ ìṣẹ́jú 7 tàbí 8 kó tó gba ayò 3. Ìṣẹ́jú 2 tó kù ni ẹlòmíì máa fi wá tirẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹsàn-án 2025, Cowboys kọ́kọ́ gba field goal, ìgbà tí aago sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá ni Packers gbá tiwọn, wọ́n ta ọ̀mì 40 sí 40. Packers kò tún lè wá touchdown tó máa fún wọn ní ìṣẹ́gun, aago ti fi wọ́n há.

Àbá Eagles ní 2025 ni kí wọ́n dá a padà sí ìṣẹ́jú 15. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ kò gbà á, torí ìlera àwọn agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n fi dín in kù tẹ́lẹ̀. Ó yé mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nítorí náà, èyí ni mo fara mọ́: kí ìṣẹ́jú 10 dúró, ṣùgbọ́n kí aago má lè gé bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì ní ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀. Bí aago bá tán nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó parí ohun tó ń ṣe, lẹ́yìn náà kí a kà ayò. Playoff ti ń ṣe irú rẹ̀: bí ìpín àkọ́kọ́ bá parí kí ẹni kejì tó ṣe tán, wọ́n á bọ́ sí ìpín kejì, wọ́n á sì máa bá a lọ.

Ní ti akọ́nimọ̀ọ́gbá tó borí nígbà tí wọ́n ju owó ẹyọ: yan láti gbá bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ fún wọn, kí o gba tìrẹ kẹ́yìn. Bí wọ́n bá kùnà, ayò 3 tó ọ. Bí wọ́n bá gba 3, o mọ̀ pé o lè lo ìgbìyànjú kẹrin, èyí tó kẹ́yìn, láìbẹ̀rù. Bí wọ́n bá gba 7 (touchdown àti ayò 1 tí wọ́n gbá lé e), tí ìwọ náà gba touchdown, má gbá ti ayò 1, lọ fún ayò 2, ìgbìyànjú kan ṣoṣo láti yáàdì 2. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì lọ tó ń yọrí, lóòótọ́, kódà ó dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ohun tó wà ní òdìkejì: bí o bá gba ayò 1, ẹni kìíní tún gba bọ́ọ̀lù, ayò kankan sì lè parí eré. Touchback (bí gbígbá ìbẹ̀rẹ̀ bá bọ́ sí ìpẹ̀kun pápá tí wọn kò sì sáré pẹ̀lú rẹ̀) ń gbé e sí yáàdì 35 tirẹ̀ báyìí, ó sì kù yáàdì 30 péré kó tó dé ibi tó ti lè gbá field goal yáàdì 52 tàbí 53. Ní Super Bowl oṣù kejì 2024, 49ers ló borí nínú owó ẹyọ, wọ́n yan láti gba bọ́ọ̀lù kọ́kọ́, kí ó lè tún dé ọwọ́ wọn ní ìgbà kẹta yìí gan-an. Wọ́n gba 3. Chiefs gba touchdown, 25 sí 22, ìgbà kẹta kò dé. Àwọn kan nínú agbábọ́ọ̀lù 49ers sọ lẹ́yìn eré pé àwọn kò mọ̀ pé òfin playoff ti yàtọ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá dé playoff láìfi òfin yìí dánrawò pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ṣe é ní àìdára.

Ti yunifásítì ńkọ́? Yáàdì 25 ọ̀tá ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: field goal yáàdì 42 ló ti wà níwájú wọn kí wọ́n tó sún bọ́ọ̀lù rárá. Kò sí gbígbá ìbẹ̀rẹ̀, kò sí punt (gbígbá bọ́ọ̀lù jìnnà fún ọ̀tá). Láti 2021, bó bá di àfikún kẹta, ayò 2 nìkan ni wọ́n ń dán wò. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Illinois borí Penn State 20 sí 18 lẹ́yìn àfikún mẹ́sàn-án. Ó ń dáni lára yá, àmọ́ apá kékeré lára eré náà ló ń dán wò.

Àbá kan ṣì wà tí mo bọ̀wọ̀ fún, èyí tí Ravens mú wá ní 2021: ẹgbẹ́ kan yan yáàdì tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, èkejì yan bóyá òun á kọlù tàbí dènà. Ẹni tó bá yan ibi tó dùn jù á rí i tí ọ̀tá gba bọ́ọ̀lù náà. Wọn kò gbà á, àwọn tó ń wòran pàápàá ì bá sì jìyà láti lóye rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kí wọ́n kọ́kọ́ tún aago ṣe.