Dókítà ológun tó fẹ́ di alákòóso ilé ìwòsàn, wo ìwé owó wọn kí o tó fọwọ́ sí nǹkan kan

Àbúrò mi, mo fara balẹ̀ ka ìbéèrè rẹ. O ní dókítà ìdílé ni ọ́ ní bárékè Alámàlà, pé ilé ìwòsàn aládàáni kan nínú Abẹ́òkúta fẹ́ fi ọ́ ṣe alákòóso, o sì ń béèrè bóyá kí o kọ́kọ́ lọ gba másítà nínú ìṣàkóso ìlera kí o tó kọ̀wé fẹ̀yìn tì. Ọ̀nà yẹn gan-an lèmi náà gbà. Mo tọ́jú ṣọ́jà, ìyàwó wọn àtọmọ wọn, kí n tó bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀, tí mo wá jókòó sí ọ́fíìsì nílùú yìí.

Ní bárékè, bí aboyún bá dé, ìtọ́jú ni wọ́n ń bi ọ́. Kò sẹ́ni tó ń bi ọ́ pé ta ló máa sanwó ìyàwó kọ́púráàlì. Nígboro, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn, kódà kí aláìsàn tó jókòó.

Òru kan wà tí n kò ní gbàgbé. Wọ́n gbé aboyún kan wá, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lọkọ rẹ̀, orúkọ wọn wà nínú ètò ìdójútòfò ìlera. Lílù ọkàn ọmọ inú rẹ̀ ń wálẹ̀, ó di dandan ká ṣiṣẹ́ abẹ. Owó tí HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bá ètò náà sanwó fún ilé ìwòsàn, ń san ṣáájú lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan kò kan iṣẹ́ abẹ, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fún wa ní kóòdù àṣẹ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, mo gbé fóònù sétí, mo fi ìka di etí kejì. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n fi í-meèlì ránṣẹ́. Ẹlòmíràn ní ọ̀gá òun ti sùn. Dókítà oníṣẹ́ abẹ yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti wọ ìbọ̀wọ́, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀. Ìyá yè, ọmọ yè. Ilẹ̀ ti mọ́ kí kóòdù tó dé. A kọ ìwé owó ránṣẹ́ sí HMO, wọ́n dá a padà: wọ́n fi bíírò pupa yí aago tí iṣẹ́ abẹ bẹ̀rẹ̀ po, wọ́n ní àṣẹ dé lẹ́yìn iṣẹ́. Wọn ò san kọ́bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera tó bá kọ aláìsàn pàjáwìrì sílẹ̀ máa san ìtanràn ₦100,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí kó jẹ méjèèjì. Ìjọba ní bí o bá lé e, ẹ̀wọ̀n. HMO ní bí o bá gbà á láìsí kóòdù, ọ̀fẹ́ lo ṣe é. Inú ń bí mi títí di òní sí àwọn tó ń jókòó sábẹ́ fáànù yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀mí èèyàn pẹ̀lú bíírò. Irú owó tó há sọ́wọ́ wọn bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká fi ra òwú, omi ìfàsára àti epo jẹnẹrétọ̀. Àwọn tó ń gbé oògùn fún wa láwìn kò gbé e mọ́. Owó oṣù pẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ jù ló kọ́kọ́ lọ, àwọn kan wà nílùú Ọba báyìí. Èmi tí mo máa ń pàṣẹ tí ṣọ́jà á gbéra, mo wá ń bẹ akọ̀wé lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ní lọ sílẹ̀ o. Òfin NHIA, àjọ ìdójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2022 ti sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ní àjọ tirẹ̀.

Bí wọ́n bá tún fi ipò ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ lọ̀ ọ́, ṣọ́ra. Ní irú ibi bíi FMC Ìdí-Abà, dókítà ni ọ̀gá àgbà lóòótọ́, àmọ́ àwọn alákòóso tí kì í ṣe dókítà ló mọ ibi tí fáìlì ń sùn. Má ṣe pàṣẹ fún wọn bí ẹni wà ní ìtò ṣọ́jà.

Àwọn kan á sì sọ fún ọ pé dókítà tó bá jókòó sí ọ́fíìsì ti sá fún iṣẹ́. Má dá wọn lóhùn. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ. Ní Aró níbí ló ti fi àwọn alárùn ọpọlọ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n lè máa gbé láàárín èèyàn, kó tó lọ di igbá-kejì ọ̀gá àgbà WHO, àjọ ìlera àgbáyé, lọ́dún 1973. Aláìsàn rẹ̀ ló kọ́ òun náà níṣàkóso. Ìwọ náà ti wọ ilé àwọn ìdílé ṣọ́jà, o mọ ohun tí àìlówó ń ṣe fún ìyá ọmọ. Mú ìyẹn dání.

Ìwé ìfẹ̀yìntì, ìwé àṣẹ ọdọọdún MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà láṣẹ iṣẹ́, o mọ gbogbo ìyẹn. Másítà dára, ṣùgbọ́n ó lè dúró. Nínú gbogbo olùkọ́ mi, kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé owó tí HMO ò ní rí ọ̀nà dá padà. Akọ̀wé owó ló kọ́ mi. Gba ìsinmi, lọ jókòó ti akọ̀wé ilé ìwòsàn tó pè ọ́ yẹn, kó fi gbogbo ìwé tí wọ́n ti dá padà látọdún tó kọjá hàn ọ́, pẹ̀lú iye tí HMO kọ̀ọ̀kan ṣì jẹ wọ́n. Bí wọn ò bá jẹ́ kí o rí i, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ ní Alámàlà.