Inṣọ́ránsì fún oníṣẹ́ ọwọ́: ta ni gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Ààfáà wa. Iṣẹ́ páìpù omi àti iná mànàmáná ni mò ń ṣe, mo sì ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta lábẹ́ mi. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ ńlá fúnni ti ń sọ pé àwọn kò ní bá mi tọwọ́ bọ̀wé àfi bí mo bá mú ìwé inṣọ́ránsì wá, irú èyí tí yóò sanwó bí iṣẹ́ mi bá ṣe ẹlòmíràn léṣe tàbí ba dúkìá rẹ̀ jẹ́. Ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí rà á? Bí wọ́n bá sì bá mi sanwó, ṣé ọrùn mi ti mọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun nìyẹn?

Ìdáhùn: Wa alaykumus-salaam wa rahmatullah. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìbéèrè kejì bẹ̀rẹ̀. Òun ni àwọn ènìyàn kì í sábà bèèrè, òun ló sì wúwo jù.

Nínú Sharíà, ẹni tó ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́ ló máa san án, ìbáà ṣèèṣì. Àṣìṣe máa ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́rùn ènìyàn, kì í gbé gbèsè kúrò. Inṣọ́ránsì náà kò lè gbé e kúrò. Àpò kan lásán ni, tí ẹ lè ti ibẹ̀ san gbèsè yín. Irú ìwé inṣọ́ránsì yìí sì sábà máa ń ní iye tí kò lè kọjá lórí ìjàǹbá kan. Ọ̀pọ̀ tún ní iye tí kò lè kọjá láàárín ọdún. Ìwé náà sábà máa ń tún dá iye kan sí apá ọ̀dọ̀ yín, tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín san kí ilé iṣẹ́ tó dá sí i. Bí owó tí wọ́n san kò bá tó ohun tó bàjẹ́, ẹ̀yin lẹ jẹ ìyókù. Kò bójú mu kí oníṣẹ́ máa sọ fún ẹni tí ilé rẹ̀ jó pé "lọ bá àwọn onínṣọ́ránsì."

Ibo wá ni gbèsè ti ń wọlé? Àwọn onímímọ̀ pín ẹni tí a gbéṣẹ́ fún sí méjì. Èkíní ni òṣìṣẹ́ tí ẹnì kan gbà, tí àsìkò rẹ̀ jẹ́ ti ẹni náà. Kò ní san ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àfi bó bá kọjá ààlà tàbí kó dágunlá. Èkejì ni oníṣẹ́ tí tajá tẹran ń gbéṣẹ́ fún, bíi tiyín. Ti èyí le. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Alí (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) pé ó máa ń mú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ san ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, pé ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn kò lè tò láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ojú ọ̀nà Imaam Mālik, ohun tí oníṣẹ́ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ ló máa san, àfi bó bá ní ẹ̀rí pé ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ òun. Bó bá jẹ́ nílé olóhun tàbí lójú olóhun ló ti ṣe iṣẹ́ náà, kò ní san án àfi bó bá dágunlá. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ń fa omi tí ẹ gbé lọ tún ṣe, tó sì sọnù ní ṣọ́ọ̀bù, ọrùn yín ló wà. Ògiri tí ẹ lu nílé oníbàárà lẹ́yìn tí ẹ ti fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹ sì ti bèèrè ibi tí páìpù gbà, kò rí bí ògiri tí ẹ kàn ki dírìlì bọ̀.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí kò kọ́ kò ní àwáwí rárá. Abu Dāwūd gba hàdíìsì wá pé ẹni tó bá ń ṣe ìwòsàn, tí a kò mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ ìwòsàn, òun ló máa san ohun tó bá bàjẹ́. Ẹ fi í wo oníṣẹ́ páìpù tó lọ fa wáyà iná torí owó. Bí ẹ bá sì ti tọwọ́ bọ̀wé pé ẹ ó san ohun kan, ẹ san án. Àwọn Mùsùlùmí wà lórí àdéhùn wọn.

Ní ti rírà á, inṣọ́ránsì tí wọ́n fi ń ṣòwò ní àléébù méjì tó hàn. Owó tí ẹ ń dá dájú, ṣùgbọ́n bóyá ẹ ó rí nǹkan gbà, àti iye tí yóò jẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì kọ òwò tí irú àìdájú bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Imaam Muslim ti gbà á wá nínú ìwé hàdíìsì rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayrah. Èkejì ni ribà, nítorí inú ohun tó ń mú èlé wá ni wọ́n sábà ń fi owó náà sí. Ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn onímímọ̀ fíkìhì (òye òfin ẹ̀sìn) tó jókòó ní Jeddah lọ́dún 1985 pinnu pé kò tọ́, pé èyí tí àwọn ènìyàn dá jọ láti ran ara wọn lọ́wọ́ ló tọ́. Àwọn onímímọ̀ kan tako èyí, Mustafa al-Zarqa, onímímọ̀ fíkìhì ará Síríà, sì wà lára wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo onímímọ̀ fẹnu kò. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó pọ̀ jù ni mo dúró sí.

Takaful, ìyẹn inṣọ́ránsì ìrànlọ́wọ́ ara ẹni tí mo ní ó tọ́ yẹn, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Nínú rẹ̀, ọrẹ ni owó tí olúkúlùkù dá sínú àpò àjọ. Ilé iṣẹ́ kàn jẹ́ aṣojú tó ń gba owó iṣẹ́ tí a ti mọ iye rẹ̀. Ẹ má wo orúkọ nìkan. Ẹ bèèrè bóyá àpò àwọn olùkópa yàtọ̀ sí àpò ilé iṣẹ́, ta ló ni èyí tó bá ṣẹ́kù lópin ọdún, kí ni wọ́n ń fi owó náà ṣe, àti bí wọ́n ṣe ń dí i bí àpò bá gbẹ. Ìdáhùn tó tọ́ sí èyí tó kẹ́yìn ni pé ilé iṣẹ́ yóò yá àpò náà lówó láìsí èlé. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè dáhùn, ẹ ní kó lọ bèèrè wá.

Bí takaful kò bá sí, tí òfin ìlú sì sọ ọ́ di dandan, ẹ ra ìwọ̀n tí òfin sọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn yín. Bó bá jẹ́ oníbàárà ló ní dandan ni, tó sì jẹ́ irú iṣẹ́ yẹn ni ẹ fi ń jẹun, ọ̀pọ̀ onímímọ̀ òde òní gbà á láyè nítorí bùkátà, èmi náà kò sì ní sọ pé ẹ dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ètò owó elélèé kan kún un.

Bí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù, òtítọ́ ni kí ẹ kọ. Ẹni tó ń gun òrùlé, tó kọ pé ilẹ̀ ni òun ti ń ṣiṣẹ́, kí owó tó máa dá lè dínkù, ti purọ́, wọ́n sì lè wọ́gi lé ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀. Ẹ ka ohun tí ìwé náà kò bò. Bí ojú ìsopọ̀ páìpù bá jò, tó ba àjà ilé ìsàlẹ̀ jẹ́, wọ́n á san owó àjà. Àtúnṣe páìpù náà, ẹ̀yin lẹ ni ín. Bí ẹ bá ń fi iná gáàsì jó páìpù, ìwé púpọ̀ ló ní kí ohun èlò ìpaná wà nítòsí, kí ẹ sì dúró ṣọ́ ibẹ̀, wákàtí kan lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn tí ẹ ti pa iná, torí iná lè máa jẹ igi lábẹ́lẹ̀ láìhàn. Ẹni tó bá lọ jẹun lè pàdánù gbogbo rẹ̀. Àwọn ìwé kan ń wo ọjọ́ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, àwọn mìíràn ń wo ọjọ́ tí wọ́n wá bèèrè owó ìbàjẹ́ náà lọ́wọ́ yín. Bí irú kejì lẹ bá ní, tí ẹ sì dáwọ́ owó dúró, iṣẹ́ ọdún tó kọjá kò ní ààbò mọ́.

Ìwé náà yóò tún sọ pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ tètè fi tó wọn létí, kí ẹ má sì gba ẹ̀bi. Kíkọ̀ láti ṣèlérí owó tó wà lọ́wọ́ àpò àjọ kò burú. Irọ́ ló burú. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an fún oníbàárà àti fún ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má sì tíì dá iye owó kankan.

Bí ẹnì kan bá kú nípa àṣìṣe yín, owó ẹ̀jẹ̀ tí a ń san fún ẹbí òkú lè ti inú àpò náà jáde, ṣùgbọ́n kàfárà, ìyẹn ìtánràn tí ènìyàn jẹ Ọlọ́hun, kò lè ti ibẹ̀ wá. Sūratun-Nisāi 4:92 sọ pé ẹni tí kò bá rí ẹrú tú sílẹ̀ yóò gba ààwẹ̀ oṣù méjì léraléra. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbà á.

Ó ku àwọn òṣìṣẹ́ yín mẹ́ta. Ìwé tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ yín kì í sábà bo ìpalára tiwọn. Ìwé mìíràn ló wà fún un, ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ba nǹkan jẹ́ láìdágunlá, ẹ má yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, torí irú òṣìṣẹ́ èkíní tí mo sọ níṣàájú ni.