Kí ni "system" ń ṣe nínú systems biology?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ṣé "system" inú systems biology (ẹ̀ka ìmọ̀ tó ń wo bí àwọn èròjà inú ohun abẹ̀mí ṣe ń nípa lórí ara wọn) náà ni "ètò" tí à ń sọ nínú ètò mímí tàbí ètò ìdà oúnjẹ. Rárá o. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe níbí yàtọ̀.

Inú "tò" ni "ètò" ti jáde: a to nǹkan, ó sì jókòó síbi tí a tò ó sí. Sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ tíntìntín tí ara ohun abẹ̀mí fi wà, kì í jókòó. Jíìnì, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, ń jẹ́ kí purotéènì, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, jáde; purotéènì á padà lọ jí jíìnì mìíràn tàbí kó pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà mìíràn, èyí tó bí i gan-an ló ń pa lẹ́nu mọ́. Ìdí nìyí tí "àjọṣe" fi wù mí ju "ètò" lọ láti fi túmọ̀ "system" yìí.

Lọ́dún 2000, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Michael Elowitz àti Stanislas Leibler, ki jíìnì mẹ́ta bọ inú bakitéríà E. coli. Èkíní ń dá ìkejì dúró, ìkejì ń dá ìkẹta dúró, ìkẹta sì yí padà ń dá èkíní dúró. Wọ́n so purotéènì aláwọ̀ ewé tó ń tàn mọ́ ọn, kí ojú lè rí ohun tó ń lọ. Nínú àwọn kan lára bakitéríà náà, iná á tàn, á di bàìbàì, á tún tàn, bí aago. Jíìnì wo ló wá gbé aago náà dání? Kò sí! Ẹ tú wọn ká, kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ìdènà nìkan lẹ máa bá. Àárín wọn ni aago wà. (Kí ẹnikẹ́ni má fi "àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" túmọ̀ rẹ̀ o. Wọn ò pawọ́ pọ̀, ńṣe ni wọ́n ń dí ara wọn lọ́wọ́. Àjọṣe náà nìyẹn.)

Mẹ́ta ṣì rọrùn. Jíìnì E. coli ju 4,000 lọ, orí ò sì lè gbé e. Kọ̀ǹpútà ni àwọn onímọ̀ ń lò: wọ́n á fi ìṣirò kọ àjọṣe náà sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á ṣe é bí ẹni pé sẹ́ẹ̀lì ni, wọ́n á wá fi wé ojúlówó. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford fi kọ̀ǹpútà ṣe odindi bakitéríà Mycoplasma genitalium báyìí: jíìnì 525 ló ní, ọ̀nà 28 ni wọ́n sì pín ìṣirò rẹ̀ sí. Ibi tí kọ̀ǹpútà bá sì ti sọ tirẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ṣe ohun mìíràn ni wọ́n máa ń sáré lọ wò, torí ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni àjọṣe kan wà tí wọn ò tíì kọ sílẹ̀.