Láàrin ẹja ṣáàkì Greenland àti àfòpiná tó ń fún wa ní sányán, èwo ló ń pẹ́ láyé jù?

Ṣáàkì ni o, wọn ò tiẹ̀ súnmọ́ra rárá. Inú òkun tó tutù bíi yìnyín lápá àríwá ló ń gbé, ó lè gùn ju mítà 5 lọ, ó rọra ń lúwẹ̀ẹ́ ni, kì í kánjú. Lọ́dún 2016 àwọn onísáyẹ́ǹsì yẹ ẹyinjú àwọn tó ti kú wò, torí pé àárín ojú ẹ̀ ti wà bẹ́ẹ̀ látinú ìyá ẹ̀ tí kò sì yí padà, wọ́n wá ní èyí tó tóbi jù níbẹ̀ á tó nǹkan bí ọdún 392, tí ìṣirò yẹn bá tiẹ̀ fì, kò lè dín ní 270. Abo ẹ̀ sì rèé, ó di nǹkan bí ọdún 150 kó tó lè bímọ! Ẹ̀yin ará Iléṣà ẹ gbọ́ ná, èyí tí wọ́n bí nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí Ògèdèǹgbé wa ṣì ń jagun, ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà tó ẹni tó ń bímọ.

Àfòpiná Anaphe ní tiẹ̀, tó bá ti hu ìyẹ́ báyìí, ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún un, kì í jẹun mọ́, á gùn, á yé ẹyin, ó parí. Ìgbà tó ṣì jẹ́ kòkòrò tó ń jewé ló ti jẹun tó máa lò, ìgbà yẹn náà ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jọ ń hun ìtẹ́ ńlá kan ṣoṣo, òwú ìtẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń hun sányán táà ń wọ̀ ròde.