Ṣé wáráǹtì máa ń kú bí ọdún bá gorí ọdún?

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òmù-Àrán ni mò ń gbé. Lọ́dún 2017, wọ́n gbé àbúrò mi lọ sí kóòtù májísíréètì ní Ìlọrin nítorí owó ọjà kan. Èmi ni mo ṣe onídùúró rẹ̀ tí wọ́n fi fún un ní béèlì. Nígbà tó yá, kò lọ sí kóòtù mọ́, adájọ́ sì ní kí wọ́n lọ mú un. Ìbàdàn ló wà látìgbà náà. Ó fẹ́ wá bá wa ṣọdún Iléyá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ní wáráǹtì náà ti kú. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Kì í ṣe òótọ́, ẹ má jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ wọn wọ mọ́tò. Ọjọ́ tí adájọ́ fọwọ́ sí wáráǹtì ló máa ń wà lára rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí yóò parí níbẹ̀. Ohun tí òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 sọ ni pé agbára rẹ̀ wà títí wọn yóò fi mú ẹni náà, tàbí títí adájọ́ yóò fi fagi lé e. Kwara náà ní òfin tirẹ̀ lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, ọ̀nà kan náà ló gbà. Wọ́n lè mú un tọ̀sán tòru, ọjọ́ Sunday tàbí ọjọ́ ọdún gan-an.

Mo rò pé ẹjọ́ gbèsè láàárín ẹni méjì ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rò. Ìyẹn ní iye ọdún tí a lè fi pè é. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ọ̀daràn kò ní irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa.

Kí ó gba lọ́yà báyìí, kí kóòtù tó gba ìsinmi ọdún. Lọ́yà náà yóò lọ bá rẹ́jísírà, yóò fi nọ́ńbà ẹjọ́ wá fáìlì. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti lé ẹjọ́ náà dànù nígbà tí àwọn olùpẹ̀jọ́ kò wá mọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gba ẹ̀dà àṣẹ náà tí kóòtù lu ní òǹtẹ̀, kí adájọ́ fagi lé wáráǹtì, kí ẹ̀dà kan sì dé ọwọ́ ọlọ́pàá. Bí ẹjọ́ náà bá ṣì wà, lọ́yà yóò kọ̀wé bẹ adájọ́, àbúrò yín yóò búra sí ìdí tí kò fi wá, òun fúnra rẹ̀ yóò sì yọjú. N kò ní tàn yín: adájọ́ lè gba béèlì rẹ̀ padà. Síbẹ̀, ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé sàn lójú adájọ́ ju ẹni tí wọ́n wọ́ wá lọ.

Ọ̀rọ̀ tiyín gan-an ló ká mi lára. Òfin kò gba ọlọ́pàá láyè láti mú yín dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti fọwọ́ sí ìwé onídùúró, kóòtù sì lè pè yín kí ẹ wá sọ ìdí tí ẹ kò fi ní san owó tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ lọ, kí ẹ mú lọ́yà dání.

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó pé kó bá yín ya wáráǹtì. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fáìlì, owó yín ni yóò gbé.

Bí wọ́n bá mú un kí ó tó dé kóòtù, kí ó má bá wọn jà. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti rí wáráǹtì náà. Bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú un, wákàtí 24 ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa fún wọn láti gbé e débẹ̀.